Orí Kẹfà: Ta Ló Ni Yàrá Yìí? Prófáìlì Òṣìṣẹ́ Lẹ́yìn Ìgbéga Windows

"Gbogbo iṣẹ́ mi ti lọ!"

Igbe tí akọ̀wé tàbí akápò máa ń ké nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí àwọn ará IT ti fi òpin ọ̀sẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kúrò lórí Windows kan bọ́ sórí òmíràn. Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ̀rọ gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ojú Desktop mọ́ fónífóní. Fáìlì owó oṣù kò sí níbẹ̀. Àwòrán ọmọ tó fi ṣe ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ kò sí. Prínítà tó ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó lọ. Fáìlì wọ̀nyẹn ṣì wà lórí díìsìkì, níbi tí wọ́n wà lọ́jọ́ Ẹtì gan-an. Ohun tó bàjẹ́ ni ìmọ̀ tí Windows ní nípa ẹni tó wọlé: ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí yóò ṣe sùúrù, yóò wá ẹrù náà kàn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa fódà rẹ́, tí yóò ṣí àkáǹtì tuntun, títí ohun tí kò sọnù tẹ́lẹ̀ yóò fi sọnù lóòótọ́.

Ìdí tí ariwo yìí fi pọ̀ lásìkò tiwa ni pé Windows 10 ti dé òpin rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015 ni Microsoft gbé e jáde. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ní òun kò kúrò níbẹ̀ lè sanwó: dọ́là 61 lórí ẹ̀rọ kan fún ọdún àkọ́kọ́, ìlọ́po méjì ìyẹn fún ọdún kejì, ìlọ́po méjì ti ọdún kejì fún ọdún kẹta, ó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò ti jẹ dọ́là 427 láìjẹ́ pé ohunkóhun di tuntun lára rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ 40 kò nílò oníṣirò kó tó mọ̀ pé Windows 11 ló kù.

Windows 11 náà ní ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù kékeré kan, tàbí apá kan nínú prọ́sẹ́sọ̀, tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀rọ. Ó fẹ́ Secure Boot, RAM tí kò dín ní 4GB, ààyè tí kò dín ní 64GB, bó bá sì jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 2017. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń pè ní "UK used" ní Computer Village ní Ìkẹjà ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n wà tí èèyàn lè dá kí Windows 11 má fi yẹ ẹ̀rọ náà wò, àwọn ọmọ Computer Village sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ara yín, ẹ ṣe bó ti wù yín. Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe owó oṣù àwọn ẹlòmíràn, ẹ má dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ná, ká wọ inú ohun tí òṣìṣẹ́ ń sunkún lé lórí.

Ohun tó wà nínú prófáìlì

Ẹ ṣí díìsìkì C, ẹ wọ fódà tó ń jẹ́ Users. Fódà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan tó ti wọlé sórí ẹ̀rọ náà rí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí Windows dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láyé Windows XP, inú Documents and Settings ni wọ́n máa ń wà. Windows Vista ló kó wọn wá sí Users, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà dòní. Nínú fódà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Desktop, Documents, Downloads àti Pictures wà. Ojú gbogbo èèyàn mọ ìwọ̀nyẹn. Ohun méjì mìíràn wà níbẹ̀ tí Windows fi pamọ́ fún ojú, àwọn gan-an ló sì ń sọ fódà lásán di prófáìlì.

Èkíní ni fáìlì kan tó ń jẹ́ NTUSER.DAT. Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ yàn fún ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: àwòrán ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ, prínítà tó máa ń kọ́kọ́ jáde, kíbọ́ọ̀dù tó fi ń tẹ àmì ohùn Yorùbá, bó ṣe fẹ́ kí fáìlì tò. Bí òṣìṣẹ́ bá wọlé, Windows á ṣí fáìlì náà. Bó bá jáde, á tì í. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tó wà ní ṣíṣí, ó lè bàjẹ́. Windows mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ àkọsílẹ̀ kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, NTUSER.DAT.LOG1 àti LOG2, tí yóò fi tún un ṣe bó bá jí padà. Ó sábà máa ń rí i tún ṣe, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Nílùú tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, UPS abẹ́ tábìlì wà lára ìtọ́jú prófáìlì. Iléeṣẹ́ tó ra láísẹ́ǹsì Windows 11 fún ẹ̀rọ 40, tí kò ra bátìrì tuntun sínú UPS tó ti kú, kò tíì parí ìgbéga rẹ̀.

Èkejì ni fódà AppData, tó pín sí Local, LocalLow àti Roaming. Inú rẹ̀ ni sọ́fítíwíà máa ń kó ohun tó mọ̀ nípa yín sí. Sígínéṣọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà Outlook wà nínú Roaming. Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà fúnra wọn sábà máa ń wà nínú Local, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun gbogbo tí Chrome ń rántí. Ẹni tó bá ní òun ti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ nítorí pé ó kó Desktop àti Documents sórí fíláàṣì ti fi ìdajì iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ó tilẹ̀ kù díẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tí Chrome tàbí Edge bá yín tọ́jú kò wà nínú AppData bí ọ̀rọ̀ lásán. Windows ti fi kọ́kọ́rọ́ kan tì í, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì so mọ́ páásíwọ́ọ̀dù tí òṣìṣẹ́ fi ń wọlé. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá kó fódà Chrome láti prófáìlì kan sínú òmíràn, àwọn bukumáàkì á bá a lọ, páásíwọ́ọ̀dù kò ní ṣí. Èyí tó máa ń ya àwọn ará IT pàápàá lẹ́nu ni pé bí alákòóso bá fi tipátipá yí páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì tó wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo padà, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yí i, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní ṣí àpótí mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ alákòóso sì máa ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí òṣìṣẹ́ bá ní òun ò ráyè wọlé nìyẹn: wọ́n á yí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ bi í ná bóyá ó ṣì rántí ti àtijọ́. Ẹ wò ó bóyá Caps Lock ló wà lórí.

Nọ́ńbà ni Windows mọ̀

Ẹ wo prófáìlì bí yàrá kan nínú ilé ńlá tí ayálégbé pọ̀ sí. Alábòójútó ilé náà kò fi ojú mọ ẹnikẹ́ni, kò sì ka orúkọ sí. Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ìwé yìí, iwájú nọ́ńbà náà ni wọ́n kọ yàrá rẹ̀ sí. Bí ẹnì kan bá dé ẹnu ọ̀nà, alábòójútó á wo nọ́ńbà rẹ̀, á wo ìwé, á mú un lọ sí yàrá tí ìwé wí.

SID ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn nínú Windows. Ó gùn, S-1-5-21 ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ńbà ńlá mẹ́ta sì tẹ̀ lé e tó ń sọ ẹ̀rọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àkáǹtì náà ti wá, nọ́ńbà kékeré kan sì wà nípẹ̀kun fún ẹni náà gan-an. Ti Administrator tí Windows bí mọ́ra ni 500. Àwọn àkáǹtì téèyàn ṣí fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1000 sókè. Ìwé tó wà lọ́wọ́ alábòójútó ni ProfileList, nínú àkọsílẹ̀ ńlá tí Windows ń pè ní Registry.

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí òṣìṣẹ́ tó rí iṣẹ́ rẹ̀: SID rẹ̀, ìlà tó wà nínú ProfileList, àti fódà tó wà nínú Users. Ìgbéga a máa mi ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ìgbéga Windows kì í tún ilé àtijọ́ kùn. Ó máa ń kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kó ẹrù àwọn ayálégbé kọjá, á sì gbé èyí tó kù nínú ilé àtijọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old. Ọjọ́ 10 péré ni Windows fi ń jẹ́ kéèyàn lè padà sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, á kó Windows.old dà nù láti fi gba ààyè. Alákòóso lè fi àṣẹ DISM sún un dé ọjọ́ 60. Mo gbà á níyànjú pé kí iléeṣẹ́ tó ní ààyè lórí díìsìkì sún un dé 30 ó kéré tán, nítorí pé akápò kan lè má ṣí ìwé ìṣirò òpin oṣù títí ọjọ́ 10 á fi kọjá.

Prófáìlì TEMP

Bí ohun mẹ́ta yẹn kò bá fohùn ṣọ̀kan, Windows kì í lé òṣìṣẹ́ síta. Ó máa ń ṣe ohun tó burú jùyẹn lọ: á fún un ní yàrá onígbà díẹ̀, C:\Users\TEMP, á sì kọ ọ́ sí igun ojú ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀ pé prófáìlì onígbà díẹ̀ nìyí, àti pé ohunkóhun téèyàn bá ṣe nínú rẹ̀ yóò pa rẹ́ bó bá ti jáde. Ta ló ń ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀? Òṣìṣẹ́ á ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, á tọ́jú rẹ̀ sójú Desktop, á pa ẹ̀rọ, á lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ àná ti lọ lóòótọ́.

Lóṣù Kejì ọdún 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kàgbákò èyí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmúdójúìwọ̀n kan fún Windows 10, KB4532693, ló mú kí àwọn kan bá ara wọn nínú prófáìlì onígbà díẹ̀, tí fódà tiwọn gan-an sì ti yí orúkọ padà nínú Users, tí .000 tàbí .bak wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn tó fara balẹ̀ wo inú Users rí ẹrù wọn pé pérépéré. Fún àwọn mìíràn, bí wọ́n ṣe pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún un tàn lẹ́ẹ̀mélòó kan ni Windows fi rí ọ̀nà rẹ̀ padà.

Títàn padà yìí kì í ṣe ọgbọ́n ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé sọ́fítíwíà tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì, tàbí òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lẹ́yìn ìgbéga, ló di NTUSER.DAT mú lásìkò tí òṣìṣẹ́ ń wọlé, tí Windows kò sì rí i ṣí. Bí ẹ̀rọ bá tún tàn, ọwọ́ á tú. Kí ẹ tó tàn án padà, kí òṣìṣẹ́ kó ohunkóhun tó ti ṣe lórí TEMP sórí fíláàṣì tàbí sórí sáfà. Bí ó bá tún bọ́ sí TEMP lẹ́ẹ̀kejì, ó di ti alákòóso. Kó fi àkáǹtì mìíràn wọlé, kó wo Users bóyá fódà náà wà níbẹ̀, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà kó wo ProfileList. Bó bá rí SID kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí .bak wà nídìí ọ̀kan, ó ti mú olè: èyí tó ní .bak ni ìlà gidi, èyí tí kò ní ni Windows ṣe fún TEMP. Kó pààrọ̀ orúkọ àwọn méjèèjì, kó tún ẹ̀rọ tàn.

Lọ́dún tí fáìlì lọ lóòótọ́

Mo ti ní lọ́pọ̀ ìgbà kò sóhun tó lọ. Ìgbà kan wà tó lọ, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ mọ ìtàn rẹ̀ dénú.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Microsoft gbé ẹ̀dà Windows 10 tó ń jẹ́ 1809 jáde. Àwọn tó yára, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ ibi tí wọ́n ti ń wá ìmúdójúìwọ̀n, ló kọ́kọ́ gbà á. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí igbe fi ta: Documents ẹnì kan ti ṣófo, Pictures ẹlòmíràn ti ṣófo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ TEMP, kò sí .bak níbì kankan. Microsoft dá a dúró. Lọ́jọ́ 9 oṣù náà, John Cable, ọ̀kan lára àwọn tó ń darí iṣẹ́ ìmúdójúìwọ̀n Windows, ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Windows ti ń jẹ́ kéèyàn gbé Documents tàbí Pictures kúrò lórí díìsìkì C lọ sórí D. Ẹni tí C rẹ̀ kéré máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe é, Windows á bi í bóyá kí òun kó àwọn fáìlì tó wà níbi àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá ní rárá, tàbí tí sọ́fítíwíà kan bá ṣe ìyípadà náà fún, á ní Documents méjì láìmọ̀: tuntun lórí D, tí Windows ń fi hàn án, àti ti àtijọ́ lórí C, tí ẹrù ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀dà tó jáde lóṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn kan ṣàròyé pé àwọn ń rí ẹ̀dà fódà wọ̀nyí tó ṣófo, tó kàn ń dí wọn lójú. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Microsoft bá kọ ìlànà kan sínú 1809 tí yóò máa gbá fódà òfìfo dà nù. Ìlànà náà gbá fódà àtijọ́ dà nù, àti òfìfo àti èyí tí ẹrù kún inú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan èyí tó wà lórí D. Ọ̀nà méjì mìíràn tí ó gbà ṣẹlẹ̀ kan OneDrive, ibi tí Microsoft ti ń báni tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí kan náà ló sì wà níbẹ̀: fódà kan náà ní àdírẹ́sì méjì.

Microsoft ní ẹni tó fẹjọ́ sùn pé fáìlì òun lọ kò ju 1 lọ nínú 10,000 ẹ̀rọ tó gba ẹ̀dà náà. Nọ́ńbà kékeré ni létí ẹni tó wà lókè. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn tó ń dán ẹ̀dà yìí wò ti kọ̀wé sí Microsoft kó tó jáde pé fáìlì ń lọ. Ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sáàárín àìmọye àròyé, nítorí pé iye èèyàn tó dìbò fún àròyé ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ṣe kókó, àwọn tó sì kàgbákò kò pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi àyè sí i pé kí ẹni tó ń ròyìn sọ bí ọ̀ràn ṣe le tó. Ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ni 1809 tó padà jáde.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fódà òṣìṣẹ́ kan ní àdírẹ́sì méjì, ẹ tẹ Documents rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún máòsì, ẹ wọ Properties, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Location sí. Bí àdírẹ́sì náà kò bá jẹ́ ti Users, ẹ lọ wo Users náà kí ìgbéga tó bẹ̀rẹ̀. Nínú iléeṣẹ́ tí mo bá ní àṣẹ lórí rẹ̀, òṣìṣẹ́ kò ní láṣẹ láti máa gbé fódà yìí kiri fúnra rẹ̀. Bí ó bá yẹ kó kúrò, alákòóso ni yóò gbé ti gbogbo èèyàn lọ síbì kan náà lọ́jọ́ kan náà.

OneDrive ló jogún ìṣòro yìí lónìí. Bí wọ́n bá fi Windows 11 tuntun sórí ẹ̀rọ, tí òṣìṣẹ́ sì fi àkáǹtì iléeṣẹ́ wọlé, OneDrive lè di onílé Desktop àti Documents rẹ̀, kí àdírẹ́sì yí padà sí inú fódà OneDrive. Fáìlì tó wà ní àdírẹ́sì àtijọ́ á dà bí èyí tó lọ. Nígbà mìíràn sì rèé, òṣìṣẹ́ á rí orúkọ fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì kùrukùru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì náà wà, orúkọ nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ. Bí dátà bá tán, kò ní ṣí. Iléeṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tó ń ra dátà ní gígà-gígà gbọ́dọ̀ ṣírò èyí kó tó tan OneDrive fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní 20GB yóò fi 800GB ránṣẹ́ gba orí ìlà kan ṣoṣo.

Ibi tí sáfà wà

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan ń lo prófáìlì tó ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kiri: bó bá wọlé sórí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹrù rẹ̀ á ti orí sáfà wá bá a. Ìran Windows kọ̀ọ̀kan ló ní irú prófáìlì tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nídìí fódà lórí sáfà sì ń fi hàn: .V2 fún Vista àti Windows 7, .V3 fún Windows 8, .V4 fún 8.1, .V5 fún Windows 10 ìbẹ̀rẹ̀, .V6 láti ẹ̀dà 1607 títí kan Windows 11. Òṣìṣẹ́ tó bá kúrò lórí Windows 7 bọ́ sórí Windows 11 á bá fódà .V6 tó ṣófo, .V2 rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ti Windows 10 tó jẹ́ ti 1607 síwájú wá kò ní rí ìyàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbéga ti ọdún 2025 fi rọrùn fún irú iléeṣẹ́ wọ̀nyí ju ti ọdún 2020 tí Windows 7 kú lọ. Lójú tèmi, irú prófáìlì yìí ti lo ìgbà rẹ̀. Ó máa ń mú kí wíwọlé pẹ́, ó sì máa ń kó ìdọ̀tí láti ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Kí alákòóso tó gbé ẹ̀rọ kejì ga, kó ti ní kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, ti gbogbo ẹ̀rọ lọ́wọ́. Nọ́ńbà 48 ni. Bí wọ́n bá tan Secure Boot tàbí TPM nínú BIOS láti lè gba Windows 11, ẹ̀rọ lè béèrè kọ́kọ́rọ́ yìí lójijì, ẹni tí kò sì ní in lè má rí díìsìkì náà ṣí mọ́.

Àwọn tí wọ́n ń lo ẹ̀dà Enterprise tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti Windows 11 22H2 ni Credential Guard ti ń tan ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó bá yẹ. Ààbò gidi ni, àmọ́ ó máa ń dá Wi-Fi àti VPN tó bá ń lo MS-CHAPv2 dúró pé kí wọ́n má fi páásíwọ́ọ̀dù tí òṣìṣẹ́ fi wọlé sọdá láìbéèrè. Òṣìṣẹ́ á ní Wi-Fi ti bàjẹ́. Wi-Fi kò bàjẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ti gbó, ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń lo ìwé ẹ̀rí. Ti prínítà kò le tó bẹ́ẹ̀: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, lẹ́yìn àléébù tí wọ́n sọ lórúkọ PrintNightmare, òṣìṣẹ́ tí kò ní àṣẹ alákòóso kò lè fi díráfà prínítà sórí ẹ̀rọ mọ́ láti orí sáfà. Kí alákòóso ti fi wọ́n sí i sílẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan yóò ní ojútùú rẹ̀ ni pé kí wọ́n sọ gbogbo òṣìṣẹ́ di alákòóso lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ẹjọ́ lè dín. Ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn á dín. Ti oṣù tó ń bọ̀ ni yóò wá pọ̀, nígbà tí ẹnì kan bá tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, Windows ti ní LAPS nínú ara rẹ̀, tó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní páásíwọ́ọ̀dù alákòóso tirẹ̀, tó sì ń yí i padà fúnra rẹ̀. Kò sí àwíjàre mọ́ fún páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó wà lórí gbogbo ẹ̀rọ láti ọdún tí wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀.

Fún òṣìṣẹ́ tuntun, Windows máa ń ṣe ẹ̀dà fódà kan tó pamọ́, C:\Users\Default. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tuntun yóò bá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Microsoft fọwọ́ sí láti ṣètò rẹ̀ ni CopyProfile nínú Sysprep. Àwọn kan ń kó fódà òṣìṣẹ́ kan lé e lórí; àmì èyí ni pé òṣìṣẹ́ tuntun á rí orúkọ ẹni tó ti kúrò nínú ibi tí kò yẹ kó wà.

Ẹni tó ti kúrò níṣẹ́ ló kù. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú Users, ó lè jẹ́ 60GB, ìgbéga sì nílò ààyè. Alákòóso á wọ Users, á tẹ Delete. Ó ti kó ẹrù jáde, kò pa nọ́ńbà rẹ́ nínú ìwé. Bí ẹni náà bá padà wá pẹ̀lú àkáǹtì rẹ̀ àtijọ́, Windows á wá yàrá tí ìwé wí, kò ní bá a, á sì lè jù ú sí TEMP. Inú System Properties, níbi tí wọ́n kọ User Profiles sí, ni wọ́n ti ń pa prófáìlì rẹ́ kí fódà àti ìlà lè lọ pọ̀. Alákòóso tó ní ẹ̀rọ púpọ̀ lè fi Group Policy sọ fún Windows pé kó pa prófáìlì tẹ́nikẹ́ni ò bá lò fún iye ọjọ́ kan rẹ́ nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn. Bó bá fi ọjọ́ sí i, kó rántí obìnrin tó lọ bímọ.

Bí wọ́n bá sì pa àkáǹtì ẹnì kan rẹ́ tí wọ́n tún ṣí òmíràn fún un lórúkọ kan náà, ká ní Bísí, Bísí tuntun ni Windows á kà á sí. SID àtijọ́ kì í padà wá. Fódà Bisi ti ní onílé, nítorí náà tuntun á máa jẹ́ Bisi tí orúkọ kọ̀ǹpútà tàbí .000 tẹ̀ lé. Bẹ́ ẹ bá rí fódà méjì báyìí lórí ẹ̀rọ kan, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n lo ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn, ẹ wo Documents méjèèjì, kẹ́ ẹ sì pe Bísí fúnra rẹ̀ wá jókòó tì yín kẹ́ ẹ tó pa èyíkéyìí rẹ́.